Àwọn Ọkọ̀ Ẹrù Inú Pálọ̀ Bàbá Gáàdì

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó máa ṣe é níbí. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, kó máa bó o, etí kì í bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú mi, bí n kò bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò bá mi lọ.

Láàárọ̀ yìí ni ọkùnrin kan ń kun géètì ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Ó ṣí agolo ọ̀dà pupa, irú èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ wa lẹ́yìn òjò, ó sì da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i kó lè ṣàn. Atẹ́gùn gbé òórùn náà wọ yàrá bá mi níbi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ní, "Ìyá, ṣé òórùn yẹn ń dà yín láàmú ni?" Mo ní rárá. Kò dà mí láàmú, ó ń pè mí ni. Ó ń pè mí padà sí pálọ̀ bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìka ọwọ́ mi kì í kúrò nínú ọ̀dà pupa, tí ìyá mi á máa fi kẹrosíìnì nù ún fún mi kí n tó lè jẹun.

Gáàdì rélùwéè ni bàbá mi. Gáàdì ni ẹni tó ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn gbogbo ẹrù, tó ń mójú tó o pé kí ohun tó bá kúrò ní Kánò dé Àpápá láìdín. Gbogbo ìgbà tó lágbára, ojú irin ló lò ó, ní Jẹ́bà, ní Mínnà, ní Ọ̀fà, ní àwọn ibi tí a kàn ń gbọ́ orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀, ìlú tí a ti bí i, irin kò gbabẹ̀ kọjá rí. Ẹ lè rìn láti Òkè-Ajé títí dé Ìjagun, ẹ ò ní rí irin kan tí ọkọ̀ lè gùn. Nítorí náà, nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà wálé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ti ń fi ayé rẹ̀ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣòwò aṣọ àti pákó ti kọ́ ilé alájà. Òun kó àpótí kan, kóòtù òtútù dúdú kan, àsíá aláwọ̀ ewé kan àti fèrè kan wálé. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Gáàdì, àwọn tí ẹnu wọn mú sì máa ń rẹ́rìn-ín pé ìdí ọkọ̀ ló jókòó sí títí tí ayé fi kọjá lọ.

Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Ìyáálé ló bí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, tó ti di tíṣà nígbà náà, ó sì bí Báyọ̀ ní àbíkẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ni ìkejì. Ìyá tèmi ni ìyàwó kékeré. Oṣù díẹ̀ ni Báyọ̀ fi jù mí lọ, kíláàsì kan náà la wà, ṣùgbọ́n kí Bàbá tó padà wálé, a kì í ṣeré pọ̀. Àgbàlá kan ni, ààrò mẹ́ta. Àwọn ìyá wa á kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n á kí ara wọn lálẹ́, ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, kálukú ló ni tirẹ̀. Ọmọ ààrò kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tí ojú ọ̀nà tirẹ̀ pin sí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ní tirẹ̀ kì í wọ pálọ̀ Bàbá. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ènìyàn: "Bàbá, nígbà tí mo ń dàgbà, rélùwéè lẹ jẹ́ bàbá fún." Bàbá ń nu fèrè rẹ̀, ó sì nù ún títí tí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun fi yí ẹ̀yìn padà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé fẹ́ kó lọ sí Èkó, ó sì ń ta àwọn ohun tí kò fẹ́ kó lọ. Bàbá lọ wo àga, páálí ló gbé bọ̀. Inú páálí náà ni ọkọ̀ ojú irin ìṣeré wà: ẹ́ńjìnnì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irin wẹ́wẹ́ tí a ń tò mọ́ ara wọn di òbìrí, àti àpótí kékeré kan tó ń gba iná lára ògiri. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì máa wọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀, àwọn ọmọ ọkùnrin náà ti sọ wọ́n nù tipẹ́.

Ìyá mi wò ó. "Bàbá Ṣẹ́gun, ọmọ wo lẹ ra èyí fún?"

Bàbá ní, "Èmi náà, ọmọ ẹnìkan ni mí."

Ó tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, ó tan iná. Ẹ́ńjìnnì náà ń sáré yípo bí ajá tó já ìdè. Inú àwa ọmọ dùn. Bàbá wò ó títí, ó mi orí. Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù, kí ló ń sáré lọ ṣe?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ọkọ̀ ẹrù kiri. Ìyá Sìkírá ló kọ́kọ́ rí i fún un, ìyá kan tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Òkè-Ajé. Bí ó bá tú báẹ́lì aṣọ, ohun ìṣeré àwọn ọmọ òyìnbó máa ń wà láàárín rẹ̀, ó sì máa ń da wọ́n sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀ bí ìdọ̀tí. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kóòtù dúdú lọ́rùn rẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń mú, á máa fi ọ̀pá tú u.

"Bàbá Gáàdì, mọ́tò yìí ò níwájú, ò lẹ́yìn, ò níbi tí dẹrẹ́bà ń jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní mo rẹ́ àgbàlagbà jẹ o."

"Ìyá Sìkírá, òun gan-an ni mò ń wá."

"Wàláhì, bó bá jẹ́ ohun tó ti yarọ lẹ ń wá, mo ní bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan nílé."

"Gbé e wá. Mo lè rí táyà fà yọ lára rẹ̀."

Gbogbo ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ìyá Sìkírá fúnra rẹ̀ ti ń ṣà á sọ́tọ̀ fún un sínú ike, á sì nà án sí i bí ẹni ń na ẹran fún oníbàárà pàtàkì. "Èyí ni ìlẹ̀kùn. Ẹ wò ó, ó ń ṣí." Bàbá á gbà á lọ́wọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tún wọn ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá pín iṣẹ́ náà láàárín ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ìbejì ló ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Báyọ̀ ló ni ẹsẹ̀ ọkọ̀: á rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì títí ìpẹtà fi ṣí, á wá kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Èmi ló ni ọ̀dà, ìyẹ́ adìyẹ ni mo sì fi ń kùn ún. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn, kò sí ọkọ̀ ẹrù tí ọmọ ààrò kan lè dá parí. Nígbà tí àwọn ìbejì da omi gbígbóná sórí ọ̀kan, tó ká bí ẹja yíyan, ẹ̀rù bà wọ́n débi pé wọ́n sá sábẹ́ ibùsùn. Bàbá gbé e yẹ̀ wò. "Ní rélùwéè," ó ní, "a kì í ju ọkọ̀ nù. Ẹ̀yìn la máa ń tì í sí." Ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà títí ọ̀rọ̀ fi parí, níbi tí gáàdì máa ń wà.

Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ẹsẹ̀ tó pé. Bàbá bọ́ kóòtù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó mú abẹ, ó gé bọ́tìnnì dúdú ńlá kan kúrò lára rẹ̀. Ó lu ihò sí àárín rẹ̀, ó fi ṣe táyà. Bí ọkọ̀ mìíràn bá tún dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dín, bọ́tìnnì mìíràn á tún lọ, títí kóòtù fi là sílẹ̀ láìní ohun tó so ó mọ́ra. Ìyá mi fẹ́ ra bọ́tìnnì tuntun sí i. Bàbá ní òtútù ìhín kò tó ti Jọ́ọ̀sì.

Àwọn ọkọ̀ náà fúyẹ́ jù pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti dé ibi tí irin ti yí, wọ́n á fò ṣubú. Bàbá ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ fún òjé tí àwọn apẹja fi ń mú àwọ̀n wúwo, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ṣubú mọ́. Ó ní ẹrù ló ń mú ọkọ̀ dúró lójú irin. Èyí tó gbà á lákòókò jù lọ ni ìkọ́ tí ọkọ̀ fi ń di ara wọn mú. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ìkọ́ wọn kò bára mu. Èyí ń wo òkè, èyí ń wo ilẹ̀. Ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó tú agboòrùn rẹ̀, ó ń tẹ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìkọ́ kan náà sí gbogbo wọn níwájú àti lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé èyíkéyìí lè di èyíkéyìí mú. Nígbà òjò ọdún yẹn, orí lásán ni bàbá mi fi ń rìn.

Lálaalẹ́, bí iná bá wà, ọkọ̀ á gbéra. Ẹ̀pà wà nínú ọ̀kan, pé láti Kánò ló ti ń bọ̀. Òwú wà nínú òmíràn. Ọkọ̀ tó ní ìlẹ̀kùn, gààrí Ìjẹ̀bú ni Bàbá ń bù sínú rẹ̀. Á fọn fèrè, á gbé àsíá sókè. Bí a bá sì mú iná lọ, ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí nínú òkùnkùn náà ló máa fún ní orúkọ ìdúró: "Jẹ́bà. Ẹni tó bá máa sọ̀ kalẹ̀, kó sọ̀." Abẹ́ àga onírọ̀rí di Mínnà. Ẹgbẹ́ ìkòkò omi di Ọ̀fà. Nígbà tí iná bá padà, ẹ̀pà á ti dín, Bàbá á wo ẹnu àwọn ìbejì. "Olè pọ̀ ní Jẹ́bà yìí."

Bí àwọn ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn. Ìyáálé kọ́kọ́ ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, pé òun ń wá Báyọ̀. Ìyá Ìbejì gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Ìyá mi ló ń bu gààrí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kọlu ẹsẹ̀ àga, gààrí dà sílẹ̀, Ìyáálé ní, "Ẹ wá wo òfò ọjà Ìyàwó," àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti Báyọ̀ wo ara wa. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tí ẹ bá ti rí Báyọ̀, ẹ ti rí mi.

Báyọ̀ ló béèrè pé kí ló dé tí kò sí ibì kankan tó ń jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ní, "A ò tíì débẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ilé yìí bá pé sínú pálọ̀ yìí, ọjọ́ náà la máa dé Ìjẹ̀bú-Òde."

Gbogbo wa mọ ẹni tó kù. Báyọ̀ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun á ní òun ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí a bá mú iná lọ, mo máa ń rí iná sìgá kan lóde fèrèsé, tó ń pọ́n, tó ń kú, tó tún ń pọ́n. Bàbá náà á kọjú síbẹ̀. Kò pè é. N kò mọ ìdí tí kò fi pè é. Títí di òní, mo máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá ná an, tàbí kó jẹ́ Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ni ìṣísẹ̀ kan ì bá ná.

Ọyẹ́ ló mú Bàbá lọ. Ikọ́ ni a pè é, kó tó yí padà di ohun mìíràn. Nígbà tó rí i pé ara òun kò gbé e mọ́, ó pe èmi àti Báyọ̀ sẹ́bàá ibùsùn, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọkọ̀ ẹrù, aláriwo lásán ni. Ọkọ̀ ẹrù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, àpótí ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u." Ọmọdé ni wá. A sọ fún àwọn ìyá wa, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó láti pín ogún. Bàbá kò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ilé kò ní ṣeé pín, wọ́n á fi pálọ̀ gba ayálégbé. Rédíò, kẹ̀kẹ́, aṣọ, wọ́n pín in láìsí ariwo. Ó wá ku ohun tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyáálé ní kó wà lọ́dọ̀ òun, òun ló kọ́kọ́ dé ilé. Ìyá Ìbejì ní ọmọ òun ló fọ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ní gààrí ta ló ń gbé. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀rín. Tàbí wọn kò gbàgbé, bóyá ẹ̀rín yẹn gan-an ni kálukú fẹ́ gbé wọ yàrá tirẹ̀.

Àbúrò Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má jà. Ìdí igi la máa fi pín in." Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n: ìyá kọ̀ọ̀kan ni igi kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ni ìpín igi náà. Ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. "Ìyàwó mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì nìyí. Irin àti àpótí iná nìyí. Àwọn tó ń gbẹ́rù nìyí. Ẹ wò ó, Ọlọ́run ti pín in kalẹ̀ kí a tó dé." Gbogbo àgbààgbà mi orí pé ó dára. Ó dọ́gba lóòótọ́. N kò tíì rí ìpín tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni Báyọ̀ dìde. Ó ń wo ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú pálọ̀, àwọn ìyá, àwọn ìbejì, èmi, títí tí ojú rẹ̀ fi dé ara Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, tó jókòó sórí àga onírọ̀rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní Mínnà. Ó ní, "A ti pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dé Ìjẹ̀bú-Òde ká tó pín in."

Olórí ẹbí ní, "Ìjẹ̀bú-Òde wo? Níbo la wà yìí?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń pín ogún, Báyọ̀ sì jókòó. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ń wo ilẹ̀. Wọ́n tú àwọn ìkọ́ náà. Ìyá Ìbejì ká irin jọ sínú ìṣà, ó ń dún ṣaworo. Ìyá mi fi etí ìró rẹ̀ kó àwọn ọkọ̀ ẹrù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la tún gbìyànjú rẹ̀. Báyọ̀ fi ẹ́ńjìnnì pa mọ́ sínú ẹ̀wù, ó bá mi lẹ́yìn ilé. Irin wà nínú àpótí Ìyá Ìbejì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà a fi ṣọ́ọ̀kì ya irin sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a sì ń fọwọ́ tì í. Báyọ̀ ń fi ẹnu fọn fèrè. A kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti yí tí Ìyáálé fi pè é. Nígbà tí sáà ilé-ìwé parí, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnìkan kò rìn, ó jìnnà. A di ẹni tó ń kí ara wa níbi ìsìnkú.

Ìsìnkú Báyọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo lọ kẹ́yìn. Mo rí ẹ́ńjìnnì náà lókè tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ rẹ̀, eruku ti bò ó. Mo bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè pé kí ni. Ó ní, "Mọ́tò ìṣeré Dádì ni, Mà. Wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án." Mo yí i padà. Ìkọ́ tí Bàbá fi irin agboòrùn ṣe ṣì wà nídìí rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo gbé e padà síbi tó wà.

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn báyìí, pé inú rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì. Kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ààrò mẹ́ta àgbàlá wa ti di ilẹ̀, àwọn ọmọ bàbá kan náà ń kí ara wọn lórí fóònù nígbà ọdún. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn pàápàá.

Bí ogún ṣe lọ nìyí. Ẹ́ńjìnnì di ti àwọn ọmọ Báyọ̀. Irin bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìbejì. Wọ́n fi díẹ̀ dí ihò ilé adìyẹ, mi ò mọ ibi tí ìyókù wà. Àwọn ọkọ̀ ẹrù, èmi àti àwọn àbúrò mi tún pín wọn láàárín ara wa, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Èyí tó gbé gààrí ló kàn mí. Ẹ wò ó lórí férémù fèrèsé níbẹ̀ yẹn.

Kóòtù Bàbá, Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ló jogún rẹ̀, òun ni àkọ́bí. Ó máa ń wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́, àyà rẹ̀ á sì là sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi bọ́tìnnì sí i títí ó fi sú u. Èmi náà bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wá kí mi níbí, nígbà tí òun náà ti di arúgbó. Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ ẹrù mi lójú fèrèsé, ó fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú náà díẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ ibi tí wọ́n wà."